Ọdún Onílẹ̀kẹ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìyá tó bí mi ṣì wà láyé. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Ajíṣafẹ́ ọkọ mi wà láyé, ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àkàbà lọ sórí òrùlé gíláàsì. Ìyàwó Ṣówándé aṣọ́bodè ti kú lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bí wà, ó wà nínú àpótí tí wọ́n ti ń ran ìkókó tí kò lókun lọ́wọ́ láti mí. Ṣówándé fúnra rẹ̀ wà, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán. Nínú ilé tiwa, Ìbídùn ọmọ mi nìkan ni kò sí mọ́. A ti sin ín kí wọ́n tó pè wá sílé ẹjọ́.

Ilé ẹjọ́ Òkè-Erùpẹ̀ kò ní àyè fún àga púpọ̀. Agbo Oòrùn ló gba àárín rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtùpà ńlá kan ló wà láàárín, tí a kì í pa, ìyẹn ni oòrùn. Bọ́ọ̀lù irin mẹ́jọ ló yí i ká lórí ọ̀pá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń rìn bí èyí tó wà lójú ọ̀run ṣe ń rìn gan-an, kò yá jù ú lọ, kò sì falẹ̀ jù ú lọ. Asáré ló sún mọ́ àtùpà jù, ẹni tí àwọn ará Ayé ń pè ní Mákíúrì, kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àgùàlà, lẹ́yìn Àgùàlà ni Ayé tí wọ́n kùn ní búlúù, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tiwa níbí, Máàsì, tí wọ́n kùn ní pupa. Júpítà tẹ̀lé e, òun là ń pè ní Àgbà, ó tóbi bí elégédé. Sátọ̀ọ̀nù tẹ̀lé Àgbà. Nítorí òrùka tó yí ìdí rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀, Onílẹ̀kẹ̀ là ń pè é. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo àwọn méjì tó gbẹ̀yìn.

Adájọ́ tó jókòó lọ́jọ́ náà ń jẹ́ Olúgbèmí. Ọkọ̀ òfurufú tó dé kẹ́yìn láti Ayé ló gbé e wá, ó ṣì ń rìn bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun máa fò lọ. Ẹni rere ni. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ó bi Ṣówándé pé, "Ìwọ ni aṣọ́bodè lọ́jọ́ náà. Ṣé o gbọ́ nígbà tí ọmọbìnrin yìí ń kan ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ tó tán nínú agolo rẹ̀?"

Ṣówándé dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Olúwa mi, ìjì erùpẹ̀ ń jà. Ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ inú ìbòjú rẹ̀ ti kú, mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo gbọ́ nǹkan lára ilẹ̀kùn lóòótọ́. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

"Afẹ́fẹ́ wo? Ti ibí yìí? Èyí tí kò lè ṣí fìlà lórí èèyàn?"

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́," ni adájọ́ wí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti Ayé wá, ẹ ò lè mọ ohun tó pa ìyá mi lẹ́rìn-ín. Níbi tí ẹ ti wá, ìjì máa ń já òrùlé, á gbé ilẹ̀kùn sọnù. Afẹ́fẹ́ tiwa níbí fẹ́lẹ́. Ó lè gbé erùpẹ̀ bo oòrùn fún oṣù méjì, síbẹ̀ tí o bá dúró láàárín rẹ̀, kò ní agbára láti ti ọmọdé ṣubú. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí Òkè-Erùpẹ̀ tó máa gbọ́ kíkàn lára ilẹ̀kùn irin tó máa sọ pé afẹ́fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n abúlé etí òkun ni adájọ́ yìí dàgbà sí, ìjì sì ti já ilé bàbá rẹ̀ rí. Ó gbà á gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń gbà á gbọ́. Ṣówándé náà rí i.

"Àìbìkítà ni èyí," adájọ́ wí, "kì í ṣe ìpànìyàn. Ọdún kan ni mo dá fún un."

Ṣówándé mí kanlẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn, títí mo fi ń kọ èyí, mo lè yà á sílẹ̀ fún yín bó ṣe rí.

Nígbà náà ni Adéyọjú dìde, òun tó ń tọ́jú Agbo Oòrùn. Ó gbé ẹ̀gbà irin tí wọ́n ń fi sẹ́lẹ́ṣẹ̀ lẹ́sẹ̀ dání, ó kọjú sí mi.

"Ìyá Ìbídùn, ọdún ta ni?"

Adájọ́ ní, "Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? Ṣebí ọdún ni ọdún."

"Rárá o, Olúwa mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ iye. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló máa mú bọ́ọ̀lù tí a ó fi kà á. Nígbà tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó, àwọn kan ti ibi ìwakùsà Asáré wá, àwọn kan ti Ayé wá, kálukú pẹ̀lú ọdún tirẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ para wọn nítorí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe òfin yìí."

Adájọ́ nu ojú. "Ó dáa. Èwo ló wà ńbẹ̀?"

Adéyọjú fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Asáré, ọjọ́ méjìdínláàdọ́rùn-ún ti Ayé ló fi ń yí oòrùn po. Àgùàlà, oṣù méje àti ààbọ̀. Ayé, ẹ mọ ìyẹn. Tiwa níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì ti Ayé. Àgbà, ọdún méjìlá Ayé. Onílẹ̀kẹ̀…" Ó wò mí.

Ajíṣafẹ́ di apá mi mú. "Àṣàbí, sọ pé tiwa. Tiwa ti tó. Jẹ́ ká máa lọlé."

Mo ní, "Ẹ ká aṣọ dúdú yẹn kúrò."

"Òfin ò gbà á," Adéyọjú wí. "Adùbúlẹ̀ tó tẹ̀lé Onílẹ̀kẹ̀ máa gba ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Òpin-Ọ̀nà tó kẹ́yìn pátápátá, ọdún márùndínláàádọ́sàn-án. Ẹ ò lè mú èyí tí ẹ ò ní lè rí òpin rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa dúró tì í. Gbogbo ìgbà tí Asáré bá yípo tán tí aago rẹ̀ bá dún, ẹ máa wá síbí, ẹ máa gbé ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù tí ẹ mú. Màá bi yín pé ṣé ó tó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ó tó, ẹ̀gbà á ṣí. Tí ẹ ò bá wá, á ṣí. Tí ẹ bá kú, á ṣí."

"Onílẹ̀kẹ̀ ńkọ́?"

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀, Ìyá Ìbídùn. Ti Ayé."

Mo ti lé ní ogójì dáadáa nígbà náà. Ìyá mi fa etí mi mọ́ra. "Ṣé wàá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Màá pẹ́."

"Nígbà náà, mú un."

Mo ní, "Onílẹ̀kẹ̀ ni mo mú."

Adájọ́ fò dìde lórí àga. Ó gbàgbé ibi tó wà, ó bá ara rẹ̀ lókè, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá àjà. "Mi ò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀! Ọdún kan ni mo sọ!"

"Ọdún kan náà ni, Olúwa mi," Adéyọjú wí, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó ti ẹ̀gbà náà mọ́ Ṣówándé lẹ́sẹ̀.

Èmi ò wo adájọ́. Ẹ̀rín Ṣówándé ni mo ń wò, bó ṣe ń kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń fà nínú àwo.

Iṣẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ nílùú wa ni gbígbá gíláàsì. Òrùlé gíláàsì ló ń gba oòrùn fún oko ọ̀dùnkún àti ẹ̀pà wa, erùpẹ̀ sì ń bò ó lójoojúmọ́. Ẹlẹ́ṣẹ̀ á jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti agolo afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, á wọlé nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ilẹ̀kùn kì í ṣí fún ẹni tó ní ẹ̀gbà lẹ́sẹ̀ bí ó ṣe ń ṣí fún wa. Ó gbọ́dọ̀ kàn án, kí aṣọ́bodè ṣí i fún un láti inú.

Wọ́n sì ń wá aṣọ́bodè tuntun.

Mo lọ bá àwọn àgbà ìlú, mo ní ẹ fún mi. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ìyá Ìbídùn, ṣé ẹ ò ní pa á?" Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ kí ó kú? Òkú kì í ka ọdún. Mo fẹ́ kó máa mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo jókòó lórí àpótí tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń jókòó. Tìmùtìmù rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Mo gbọ́ gbà, gbà, gbà lára irin. Mo fi ẹnu sí ihò ìsọ̀rọ̀.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Ṣówándé ni, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni."

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí i. Ó wọ yàrá kékeré tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, erùpẹ̀ pupa bo gbogbo ara rẹ̀, kò lè wo ojú mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Mi ò fi ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀. Ibà kì í dá mi dúró. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kán, wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀ lórí àga.

Ẹ máa rò pé mo ń fi ìyà jẹ ẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Rárá. Èmi ni mo ń yẹ agolo rẹ̀ wò láàárọ̀, tí kò bá kún, màá dá a padà. Èmi ni mo ń lẹ ìbòjú rẹ̀ níbi tó bá ti ya. Ọdún tí àìsàn gbé e ṣánlẹ̀, èmi ni mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún un, tí mo jókòó tì í títí ó fi mu ún tán. Àwọn ará ìlú ní, "Ẹ wo Ìyá Ìbídùn, ó ti dárí jì í." Mo gbọ́ wọn. Mo fọ abọ́ mi, mo lọlé.

Lára ilẹ̀kùn ìta, ojú sípánà wà níbẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ tí irin fi sára irin. Sípánà tí Ìbídùn fi ń ṣiṣẹ́ ló fi kàn án. Ìgbàkígbà tí Ṣówándé bá dúró níta tó ń retí mi, iwájú ojú rẹ̀ gan-an ni àwọn ihò yẹn máa ń wà. Àwọn àgbà ìlú fẹ́ kí wọ́n kùn ún. Mo ní ẹni tó bá kùn ún máa kùn mí mọ́ ọn.

Asáré ń yípo, aago rẹ̀ ń dún. Màá wẹ̀, màá wọ aṣọ, màá lọ gbé ọwọ́ lé Onílẹ̀kẹ̀. Ó máa ń tutù.

"Ṣé ó tó?" Adéyọjú á bi mí.

"Kò tíì tó."

Ìyá mi kú. Ó kú tayọ̀tayọ̀, ó ní kí n máa kí Onílẹ̀kẹ̀ fún òun. Adájọ́ Olúgbèmí padà sí Ayé. Kó tó lọ, ó wá sẹ́nubodè, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó ní, "Màmá, ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó." Mo ní, "Ẹ kú ìrònú o, Olúwa mi." Nígbà tí Ajíṣafẹ́ ọkọ mi ń kú, ó fi orí lé itan mi. Ó ní, "Àṣàbí, bá mi sọ pé ó tó. Sọ ọ́ kí n gbọ́." Mo fọwọ́ ra irun orí rẹ̀, mo sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ fún un, mi ò sọ ìyẹn. Aago Asáré dún kí a tó parí ọ̀fọ̀ rẹ̀. Mo wọ aṣọ ọ̀fọ̀ lọ.

"Ṣé ó tó?"

"Kò tíì tó."

Onílẹ̀kẹ̀ kò yára, kò sinmi. Ìgbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà. Ìgbà tí irun mi funfun tán, ó ti kọjá ilẹ̀kùn. Asáré á ti sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà bí ajá tó ń ṣeré yí ẹsẹ̀ màlúù ká. Ṣówándé gbẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ìkọ́ erùpẹ̀ wọ inú àyà rẹ̀.

Mo ti gbàgbé láti sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Síjúọlá lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ìkókó inú àpótí. Àwọn obìnrin ilé ọmọ ìlú ló tọ́ ọ. Láti kékeré ló ti máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn inú nírọ̀lẹ́, láti gba ìbòjú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Á kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Onílẹ̀kùn." Màá dá a lóhùn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Kò mọ ju ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ lọ.

Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó pọn ọmọ náà wá bá mi ní yàrá ẹnubodè. Ó kúnlẹ̀, kò dìde.

"Màmá, àyà bàbá mi ń há. Ó ń húkọ́ ẹ̀jẹ̀. Mo ti lọ wo Agbo, Onílẹ̀kẹ̀ ku ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré kó délé síbi tó ti gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ó tó. Kí ni ìka mẹ́ta?"

"Dìde, ọmọ ń yọ̀ lẹ́yìn rẹ."

"Mi ò ní dìde. Ṣé kò rẹ̀ yín ni? Gbogbo ayé mi ni mo ti ń gbọ́ afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́, nírọ̀lẹ́. Ọdún mélòó lẹ fẹ́ kó ṣe?"

"Ọdún kan ni adájọ́ dá fún un," mo wí. "Ìwọ gan-an tí o bímọ yìí, o ò tíì pé ọdún kan. O kù díẹ̀."

Ó wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì já mọ́ ọn lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀. "Ẹ burú o, Màmá."

"Mo burú."

Ẹ̀rín yẹn ló mú mi, mi ò ní parọ́. Àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tó na ọwọ́ mú gèlè mi. Mo ní, "Gbọ́. Láti ọjọ́ ilé ẹjọ́ títí di àná, bàbá rẹ kò tíì jẹ́wọ́. Mo ń bi í lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í fi ẹnu bi í. Kó wá sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, kó sọ fún mi pé òun mọ̀ pé Ìbídùn ni. Tó bá sọ ọ́, lọ́jọ́ tí aago Asáré bá dún, màá sọ pé ó tó."

Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ń dúpẹ́ bí ẹni tí mo fún ní odindi ilé.

Kò kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ lórí ìrọ̀lẹ́, èmi ni, Ṣówándé ni, mo rò pé afẹ́fẹ́ ni. Títí ó fi di ọjọ́ kan tí Síjúọlá kò wá nítorí pé ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná. Ó kan ilẹ̀kùn. Mo ní ta ni.

"Ìyá Ìbídùn, ṣé ọmọ mi wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sí."

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí nínú ìbòjú, bí ayùn tó ń ré pákó.

"Mo mọ̀ pé òun ni. Mẹ́ta ló ń kàn, á dúró. Mẹ́ta, á dúró. Bó ṣe máa ń kàn án láti kékeré nìyẹn. Afẹ́fẹ́ kì í dúró sinmi."

Mo jókòó. "Kí ló dé tí o ò ṣí i?"

"Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ìlú bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ilẹ̀kùn kì í ṣí fúnra rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ̀yin náà rántí. Èyí tó kù nínú àgbá ẹnubodè, òun ni mo fà sí àpótí Síjú. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ilẹ̀kùn yìí kì í ṣí láìjẹ afẹ́fẹ́ àgbá. Tí mo bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan, àpótí máa gbẹ. Mo jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn. Mo di etí. Ó kàn án, ó kàn án, ó kàn án." Ó húkọ́ títí. "Ẹ má jẹ́ kí Síjú gbọ́. Ìdí tí mi ò ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ǹ bá lò ó pé ọdún yín ju kí ó gbọ́ pé tìtorí òun ni."

Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó wọlé, ó kọjá lọ. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà.

Aago Asáré dún. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ, mo lọ. Mo sọ fún yín pẹ̀lú ọkàn kan pé ọ̀rọ̀ "ó tó" wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń lọ lójú ọ̀nà. Adéyọjú ti darúgbó, wọ́n ń di apá rẹ̀ mú kó tó lè dìde. Síjúọlá wà níbẹ̀, ó ti wọ aṣọ dáadáa, ó ti gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ọmọ rẹ̀ ń sùn láyà rẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ lé Onílẹ̀kẹ̀.

"Ìyá Ìbídùn, ṣé ó tó?"

Ọmọ náà yán lójú oorun. Mo rí bí àyà rẹ̀ kékeré ṣe gbé sókè, tó sì rọ̀ sílẹ̀. Mo wo ìyá rẹ̀, àyà tirẹ̀ náà ń gbé sókè. Ìmí tí Ìbídùn bẹ̀bẹ̀ fún níta ni mo ń wò yẹn. Ó ti di ìyá, ó ti di ọmọ, ó máa di ọmọ ọmọ, á máa lọ bẹ́ẹ̀, kò ní dáwọ́ dúró. Tèmi dáwọ́ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Kò tíì tó."

Síjúọlá kígbe, ọmọ jí. "Màmá! Ẹ ṣèlérí! Ṣé kò sọ ọ́ ni?"

"Ó sọ ọ́."

"Kí wá ni mo ṣe fún yín? Kí ni mo ṣe?"

Adéyọjú pàápàá ń wò mí. Ẹ̀bẹ̀ Ṣówándé ń dún létí mi, ẹ má jẹ́ kí Síjú gbọ́. Mo lè dákẹ́. Mi ò dákẹ́.

"Lọ bi bàbá rẹ," mo wí. "Bi í ibi tí afẹ́fẹ́ àgbá ẹnubodè ń lọ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí ọ."

Ẹ lè pè mí ní ìkà. Àwọn kan ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí di òní, n kì í bá wọn jà. Òun ló kọ́kọ́ yan ọmọ nínú ọmọ méjì. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún èyí tó yàn.

Ó sọ fún un. Mi ò mọ bó ṣe sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ilẹ̀kùn inú mọ́ nírọ̀lẹ́ láti gba ìbòjú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ìgbà kan ó bi mí pé, "Ṣé Síjú wá?" Mo ní, "Kò wá." Kò tún bi mí mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ tí mo ń bọ̀ sí yìí, oòrùn ń wọ̀, ojú ọ̀run ti di búlúù níbi tó ń wọ̀ sí bó ṣe máa ń ṣe níbí. Mo ti jókòó sórí àpótí mi. Kíkàn kan dún lára irin. Mẹ́ta, ó dúró. Mẹ́ta, ó dúró.

Gbogbo ara mi dìde kí n tó dìde.

"Ta ni?"

Ó tún kàn án ní mẹ́ta.

"Mo ní ta ni?"

Ohùn rẹ̀ wá láti inú ihò ìsọ̀rọ̀, ó lọ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ń ṣàwàdà.

"Afẹ́fẹ́ ni."

Láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ yẹn, mi ò ṣí ilẹ̀kùn kíá tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fa irin náà bí ọmọ ogún ọdún, mi ò dúró kí yàrá àárín kún tán, etí mi ń ró. Ó ti fara ti ilẹ̀kùn ìta kó tó ṣí, orí rẹ̀ lórí ojú sípánà yẹn gan-an. Bí ilẹ̀kùn inú ṣe ṣí, ó ṣubú wọlé sí mi lára. Kò wúwo. Mo tú ìbòjú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú agolo rẹ̀, ó tó èèyàn méjì. Àyà rẹ̀ ni kò gbà á mọ́.

Mo ránṣẹ́ pe Síjúọlá. Ó sáré wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn inú, kò wọlé. Ó wo bàbá rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi. Ó wo ẹ̀gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí òfin kò ní torí ikú rẹ̀ ṣí.

"Ṣé ó kan ilẹ̀kùn?" ó bi mí.

"Ó kàn án."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo ṣí i."

Ó wọlé nígbà náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọn erùpẹ̀ kúrò lára bàbá rẹ̀. Onílẹ̀kẹ̀ ku ìwọ̀n èékánná kan kó délé ní ọjọ́ tí Ṣówándé kú.